Johnnie Tillmon: Ìyá Tí Ó Kọ Orúkọ Ọ̀lẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òṣì ní í jẹ́ ta ní mọ̀ ọ́ rí, ajé ní í jẹ́ mo bá ọ tan. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bí òtòṣì bá jẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú, àwọn òṣèlú kan a tún máa pè é ní ọ̀lẹ, wọn a ní owó ìjọba ni ó fi ń ṣe fàájì. Johnnie Tillmon wà lára àwọn tí ó tú àṣírí irọ́ náà.

Ọdún 1926 ni a bí i ní Scott, ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Baba rẹ̀ kò ní ilẹ̀; oko olóko ni ó ń dá, tí òun àti onílẹ̀ sì ń pín ìkórè. Láti kékeré ni Johnnie ti ń já òwú. Nígbà tí ó dàgbà, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ. Nígbà tí ó kó lọ sí Los Angeles ní nǹkan bí ọdún 1960, iṣẹ́ yìí kan náà ni ó fi ń tọ́ ọmọ rẹ̀ mẹ́fà, tí ó tún jẹ́ aṣojú àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1963, àìsàn dá a wó. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju pé kí ó gba owó ìrànwọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1935 fún àwọn ọmọ aláìní. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ rí nǹkan. Òṣìṣẹ́ ìjọba a máa yẹ inú fìríìjì rẹ̀ wò, a sì máa béèrè ohun tí ó fi owó rà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, wọn a máa já wọ ilé àwọn ìyá lóru láti wá ọkùnrin. Bí wọ́n bá rí i, owó dúró.

Tillmon kò jókòó sunkún. Ní ọdún yẹn gan-an, ó kó àwọn ìyá àdúgbò Watts jọ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1967, ó di alága ẹgbẹ́ àwọn tí ń gba owó ìrànwọ́ jákèjádò Amẹ́ríkà, èyí tí George Wiley, onímọ̀ kẹ́mísírì, jẹ́ olùdarí rẹ̀. Ní ọdún 1968, Martin Luther King wá bá wọn ní Chicago láti bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ wọn. Wọ́n bi í léèrè nípa òfin owó náà, kò lè dáhùn. Tillmon fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún un pé bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó sọ bẹ́ẹ̀. King gbà, ó sì tẹ́tí sílẹ̀ láti kọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu wọn. Ní ọdún 1972, Tillmon kọ àròkọ nínú ìwé ìròyìn Ms., ó ṣàlàyé pé iṣẹ́ gidi ni ọmọ títọ́.

Ẹgbẹ́ náà túká ní ọdún 1975 nítorí àìlówó. Ní ọdún 1976, Ronald Reagan, tí ń wá ipò ààrẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn obìnrin Chicago kan tí ó ní ó fi orúkọ 80 gba 150,000 dọ́là lọ́dún kan. Obìnrin náà ṣe jìbìtì lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye tí ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi lé lórí kò tó 10,000 dọ́là. Síbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan ni a fi kun ọ̀pọ̀ ìyá lójú, bẹ́ẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun ni ó pọ̀ jù nínú àwọn òtòṣì ilẹ̀ náà.

Tillmon kú ní ọdún 1995. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba fagi lé ètò owó náà, wọ́n fi èyí tí ó le jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbé láàárín ẹ̀yà tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan ṣe ń di orúkọ gbogbo ará ilé rẹ̀. Títí ó fi kú, Tillmon kò gba orúkọ náà.