Ìyáàfin Grace Hopper, Ẹni tí ó Kọ́ Ẹ̀rọ ní Ìtumọ̀

Bí ọ̀dọ́ kan bá jókòó ti kọ̀ǹpútà lónìí ní Alexandra, ìlú àwọn ènìyàn dúdú tí a tẹ̀ dó ní 1912 lẹ́bàá Johannesburg, ó lè gba ètò GnuCOBOL lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí wọ́n fi kọ ọ́. Yóò kọ́kọ́ sọ ìwé náà di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Yóò mú un ṣiṣẹ́. Yóò sì fi ìdánwò tí ó lé ní 9,000 yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá rí ibi tí ìdánwò kò tí ì dé, ó lè kọ tirẹ̀ kún un. Ìjọba ń béèrè ìwé àṣẹ ìrìn lọ́wọ́ àwọn bàbá rẹ̀ títí di 1986. Fún iṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tí yóò béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ òun. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó la ọ̀nà iṣẹ́ yìí ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1906 ni a bí Grace Brewster Murray ní New York, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ó tú aago tí ń jí ni lójú oorun láti mọ ohun tí ń mú un dún. Nígbà tí kò lè tò ó padà, ó tú òmíràn, títí ó fi tú aago méje inú ilé. Ìyá rẹ̀ fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un láti máa tú.

Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Yale ní 1934. Orúkọ Hopper jẹ́ ti ọkọ rẹ̀, tí wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ ní 1945. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun ojú omi, wọ́n ní ó fúyẹ́ jù. Kò gbà, wọ́n yọ̀ǹda fún un ní ìparí 1943, wọ́n sì rán an lọ sí Harvard, síbi ẹ̀rọ ìṣirò ńlá tí à ń pè ní Mark I.

Ní 1949 ó bọ́ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ Eckert àti Mauchly, àwọn tí ó ṣe UNIVAC. Ìyà ń jẹ àwọn akọ̀wé ètò: ìlànà kan náà ni wọ́n ń dà kọ lọ́jọ́ gbogbo, nọ́ńbà lẹ́hìn nọ́ńbà, bí ọwọ́ bá sì ṣì, iṣẹ́ bàjẹ́. Ìyáàfin Hopper ní kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa ṣe é. Ní 1952, ètò rẹ̀ tí à ń pè ní A-0 ti ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò fẹ́ fọwọ́ kàn án: ẹ̀rọ tí ń ṣírò, báwo ni yóò ṣe kọ ètò? Nígbà tí A-2 jáde ní 1953, wọ́n fi ìwé ètò náà fún àwọn oníbàárà, wọ́n sì ní kí wọ́n fi àtúnṣe wọn ránṣẹ́ padà. Orúkọ tí à ń pè ní open source kò tí ì sí, ṣùgbọ́n ìwà náà ti wà.

Lẹ́hìn náà ni ó ṣe FLOW-MATIC, tí ènìyàn fi ń lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Nínú rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tí ó pàdé ní 1959 ti mú ohun púpọ̀ tí ó di èdè COBOL.

Wàhálà mìíràn wá dé. Olúkúlùkù ilé-iṣẹ́ ń ta atúmọ̀ COBOL tirẹ̀, ti gbogbo wọn kò sì dọ́gba. Ètò tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ẹ̀rọ kan, bí ó bá dé orí òmíràn, ó ṣubú. Ológun ojú omi, tí ó ní ẹ̀rọ oríṣiríṣi, kò lè fara da èyí. Wọ́n ti ní kí Ìyáàfin Hopper fẹ̀hìntì ní ìparí 1966. Ní 1967 wọ́n pè é padà fún oṣù mẹ́fà. Ó di 1986 kí ó tó bọ́ aṣọ ológun pátápátá.

Òun àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ kọ àwọn ètò ìdánwò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yẹ ohun kan wò nínú èdè náà. Ǹjẹ́ atúmọ̀ yìí mọ àròpọ̀? Ǹjẹ́ ó mọ bí a ti í gbé nọ́ńbà láti ibì kan sí ibòmíràn? A ti mọ èsì tí ó yẹ kí ó jáde. Bí òmíràn bá jáde, atúmọ̀ náà kùnà, ìbáà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ. Lójú tiwa, iṣẹ́ yìí ju ìtàn àfòpiná tí wọ́n bá nínú ẹ̀rọ Mark II ní 1947 lọ, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Kì í tilẹ̀ ṣe òun ni ó rí àfòpiná náà. Ó kàn mọ ìtàn rẹ̀ í sọ ni.

Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ wá di ti gbogbo ìjọba Amẹ́ríkà, ó sì bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ òṣùwọ̀n wọn tí à ń pè ní NIST báyìí. Láti ibẹ̀ ni àwọn ìdánwò 9,000 tí a sọ lókè ti wá.

Ẹni ọdún 79 ni nígbà tí ó fẹ̀hìntì lórí ọkọ̀ ogun àtijọ́ USS Constitution ní Boston, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 1986. Kò jókòó sílé. Ó gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation, níbi tí ó wà títí ó fi kú ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 1992. Ní itẹ́ àwọn ológun ní Arlington ni wọ́n sin ín sí.