Ìtàn Ìgbésí Ayé Vincent van Gogh

Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹta ọdún 1853 ni a bí Vincent van Gogh ní Zundert, ní ilẹ̀ Hóláńdì. Àlùfáà ni baba rẹ̀. Vincent kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò àwòrán, ṣùgbọ́n wọ́n dá a dúró ní ọdún 1876. Lẹ́yìn èyí, ó lọ wàásù fún àwọn awakùsà èédú ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ó fi aṣọ rẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ, ó sì ń gbé nínú ìṣẹ́ bíi tiwọn. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ka èyí sí àbùkù, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nígbà tí ó pinnu láti di ayàwòrán. Theo, àbúrò rẹ̀, ni ó ń fi owó bọ́ ọ.

Àwòrán rẹ̀ ìṣáájú ṣókùnkùn bí ilẹ̀ ẹrẹ̀. Nígbà tí ó dé Paris ní ọdún 1886, kò ní owó tí yóò san fún ẹni tí yóò jókòó kí ó lè yà á. Òdòdó kì í béèrè owó iṣẹ́; nítorí náà òdòdó inú ìkòkò ni ó dojú kọ. Lára wọn ni ó ti kọ́ bí àwọ̀ kan ti ń mú kí èkejì tàn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, ní Arles, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ó ń retí Paul Gauguin, ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí yóò wá bá a gbé. Ó fẹ́ ṣe yàrá àlejò náà lọ́ṣọ̀ọ́. Ó kó òdòdó ńláńlá tí ń kọjú sí oòrùn sínú ìkòkò, ó sì ń fi ìkánjú yà wọ́n láti òwúrọ̀ kùtùkùtù, nítorí wọn kì í pẹ́ rọ. Nínú ọ̀kan nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí, òdòdó, ìkòkò, tábìlì àti ògiri ni ó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, síbẹ̀ ọ̀kan kò bo èkejì mọ́lẹ̀. Ọ̀dà kíki ni ó lò. Ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ àwòrán bí ẹni ń fi amọ̀ rẹ́ ògiri, ojú ibi tí búrọ́ọ̀ṣì gbà kò sì parẹ́.

Gauguin dé ní oṣù kẹwàá, ṣùgbọ́n ìrẹ́pọ̀ wọn kò tọ́jọ́. Ní oṣù kejìlá, lẹ́yìn ìjà kan, àìsàn ọpọlọ kọlu Vincent, ó sì fi abẹ gé etí ara rẹ̀. Ó wọ ilé ìwòsàn ní Saint-Rémy ní ọdún 1889. Níbẹ̀ náà kò fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ọgbẹ́ ìbọn ni ó pa á ní Auvers ní oṣù keje ọdún 1890, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì. Kò pé oṣù mẹ́fà tí Theo náà fi kú.

Johanna, opó Theo, ni ó pa àwọn àwòrán náà mọ́, nígbà tí àwọn tí ó kà wọ́n sí kò tó nǹkan. Ó pẹ́ tí ó fi kọ̀ láti ta àwòrán aláwọ̀ ìyeyè yìí, ṣùgbọ́n ní ọdún 1924 ó yọ̀ǹda rẹ̀ fún National Gallery ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀: òdòdó tí Vincent yà fún àlejò kan ṣoṣo ti di ohun tí gbogbo ayé ń wá wò.