Herbert Macaulay àti Ọ̀ràn Ilẹ̀ Ẹbí

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́dún yìí kì í ṣe ọmọ Ọ̀jọ́, kì í sì í ṣe ọmọ Ìbà tàbí Òkòkómáíkò. Ọmọ Èkó ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹbí kan tí ó ní ilẹ̀ ní agbègbè wa tí ìtàn rẹ̀ kò kàn, nítorí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni, ẹjọ́ ilẹ̀ ni ó sì sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1864 ni a bí Herbert Macaulay ní Èkó, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Ọba Dòsùnmú ti fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Baba rẹ̀ ni Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ẹni tí ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sì ni ìyá rẹ̀. Ìjọba ni ó rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1890 láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Nígbà tí ó padà dé, wọ́n fi í ṣe wọnlẹ̀wọnlẹ̀ àwọn ilẹ̀ tí ìjọba ń pè ní ti Adé. Ní 1898 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wọn ilẹ̀ fún ará ìlú.

A kò ní fi àléébù rẹ̀ pamọ́. Ní 1913 ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé ó ṣi owó ogún tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ lò, wọ́n sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n. Nítorí èyí, òfin kò gbà kí ó du ipò nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ó yẹ kí àwọn tí ń sọ ọ́ di ẹni mímọ́ rántí èyí. Ó sì yẹ kí àwọn tí ń fi í bú u gbọ́ ìyókù.

Ní ọdún 1913 yìí kan náà ni ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá fún ìlò gbogbogbòò. Ilẹ̀ náà wà lábẹ́ Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun tí ìran wọn so mọ́ ti Ọlọ́fin, baba àwa Àwórì. Ìjọba kò sọ pé òun kò ní san nǹkan. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ Èkó dájọ́ pé ohun tí olóyè ní lórí ilẹ̀ kò ju àṣẹ àbójútó àti ìṣákọ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ìwọ̀nba yẹn ni a ó sanwó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní 1926 ni àwọn èbúté ọkọ̀ òkun tuntun ṣí ní Àpápá. Ọrọ̀ tí kò lóǹkà ni yóò gba ibẹ̀ kọjá, àwọn tí ó ti ni ilẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni owó táṣẹ́rẹ́ yóò sì kàn.

Olúwa pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ sí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1920 Macaulay bá a rìn gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rẹ̀, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí dání. Ní oṣù keje 1921 ni ìdájọ́ jáde. Àwọn adájọ́ sọ pé bí àkóso ìlú tilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọba mìíràn, ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú sí ilẹ̀ wọn kò bá a lọ. Wọ́n sọ pé ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ti ẹbí tàbí ti ìlú ni, olóyè sì ń bójú tó o fún wọn ni. Nítorí náà, iye gbogbo ilẹ̀ ni kí ìjọba san. £22,500 ni owó gbà-máà-bínú náà.

Àwọn kan a máa sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ìjà dúdú pẹ̀lú funfun lásán ni. Lójú tiwa, ọ̀ràn òfin àti ètò ìlú ni. Ilẹ̀ Àpápá kò yí padà, iṣẹ́ tí a fẹ́ fi í ṣe kò yí padà. Ẹni tí òfin gbà pé ó ni ín ni ó yí padà, owó sì tẹ̀ lé e. Ìdájọ́ kan náà kan olórí ẹbí pẹ̀lú, bí a kì í tilẹ̀ fẹ́ rántí apá yìí: bí ilẹ̀ kò bá ti jẹ́ ti Adé, kì í ṣe ti olórí ẹbí nìkan náà.

Ẹlẹ́kọ̀ jìyà ọ̀pá àṣẹ yẹn. Ìjọba yọ ọwọ́ kúrò lọ́rọ̀ rẹ̀ ní 1920, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1925, kò sì padà wálé títí di 1931, lẹ́yìn tí Macaulay àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bá a ja ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ náà ni Nigerian National Democratic Party, tí ó dá sílẹ̀ ní 1923. Àwọn ìyá ọlọ́jà, tí Àlímọ̀tù Pẹlẹwùrá ṣáájú wọn, dúró tì í gbọn-in, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò: ọkùnrin tí ń rí £100 lọ́dún nìkan ni òfin fún ní ìbò.

Ní 1944 wọ́n fi í ṣe ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ NCNC. Ní 1946, arúgbó ẹni ọdún 81, ó gbéra kiri Nàìjíríà láti tako òfin ìṣèlú tuntun ti Gómìnà Richards àti àwọn òfin kan, nínú èyí tí òfin gbígba ilẹ̀ àti òfin ilẹ̀ Adé wà. Kánò ni àìsàn ti mú un. Wọ́n gbé e padà wá sí Èkó, ó sì kú ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún.

Ọdún 32 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1978, ìjọba ológun ṣe òfin tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí a bá gba ilẹ̀ fún ìlò gbogbogbòò lábẹ́ òfin yìí, ilé àti ohun ọ̀gbìn ni a ń sanwó wọn. Ní ti ilẹ̀ òfìfo, kò ju owó ilẹ̀ tí a san ní ọdún náà lọ. Ilẹ̀ wa kò sì fara sin. Ọjà Trade Fair ti wà lójú ọ̀nà Badagry láti 1977, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà ní Ọ̀jọ́ láti 1983. Ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Marina dé Mile 2 ní 2023, Òkòkómáíkò ni a là á sí. A bẹ olórí ẹbí kọ̀ọ̀kan kí ó pe wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kí ojú irin náà tó dé, kí a kọ ààlà ilẹ̀ sílẹ̀, kí gbogbo àgbààgbà ẹbí sì mọ ẹni tí ń fọwọ́ síwèé nígbàkígbà tí a bá fẹ́ tà.