Carl Langenbuch: Dókítà tó kọ́kọ́ yọ òróòro kúrò nínú ènìyàn

Ẹnikẹ́ni tó bá ti kun àgbò Iléyá rí mọ òróòro, àpò kékeré aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀. Jẹ́jẹ́ la máa ń yọ ọ́, torí tó bá bẹ́, ẹran di kíkorò. Àwa ènìyàn náà ní in. Nígbà mìíràn, omi inú rẹ̀ a máa dì di òkúta, ìrora rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Lónìí, a fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin tó wá ọ̀nà àbáyọ sí i.

Ìlú Kiel ní Jámánì ni wọ́n ti bí Carl Langenbuch lọ́dún 1846, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tó fi di olórí ilé ìwòsàn Lazarus ní Berlin.

Láyé ìgbà náà, ńṣe ni àwọn dókítà máa ń la àpò náà, wọ́n á kó òkúta inú rẹ̀, wọ́n á sì fi àpò sílẹ̀. Òkúta mìíràn á tún dì. Langenbuch ní tirẹ̀ wòye pé àpò gan-an ni orísun òkúta. Ó rí i pé ẹṣin àti erin kò ní òróòro, síbẹ̀ wọ́n ń jẹ, wọ́n ń yè. Ara òkú ló ti kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà dánra wò.

Ní ọjọ́ 15 oṣù keje, ọdún 1882, ó yọ òróòro ọkùnrin ẹni ọdún 43 kan tó ti ń jẹ̀rora fún ọdún 16. Ọkùnrin náà yè, ó sì gbádùn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà kò tètè gbà pé ó yẹ kí wọ́n yọ àpò náà.

Ọdún 1901 ni Langenbuch kú. Ó ṣeni láàánú pé apẹ́ńdíìsì, àìsàn ikùn mìíràn, ló pa á.

Lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, dókítà ará Jámánì mìíràn, Erich Mühe, gba ojú ihò kékeré yọ òróòro, láì la ikùn gbàràgàdà. Wọ́n kọ́kọ́ ta kò ó, kí wọ́n tó wá yẹ́ ẹ sí. Lóde òní, ihò bíi mẹ́rin péré ni wọ́n sábà ń lu, kámẹ́rà tín-ínrín á sì máa fi inú hàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ń padà sílé lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀yin ará wa, bí dókítà bá ní ká yọ òróòro ìyá tàbí bàbá wa, ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù mú wa fi falẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi òróòro. Àpò kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni. Bí àpò bá lọ, omi náà á ṣì máa ṣàn sínú ìfun. Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn.