Awókọ̀yà: Mínísítà tó sọ ilé-ìwé di ẹ̀tọ́ ọmọ

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2003 lórí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọdé sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀tọ́ ọmọ ni láti lọ sí ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú òfin yìí tí Olóyè Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà ti gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin n'Íbàdàn.

Ọdún 1913 ni wọ́n bí Awókọ̀yà ní ìlú Awà, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Iṣẹ́ olùkọ́ ló yàn láàyò, òun sì ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1949. Nígbà tí ẹgbẹ́ Action Group, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, gba ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, òun ni wọ́n fi ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Ní oṣù keje ọdún 1952, ó gbé àbá rẹ̀ síwájú àwọn aṣòfin: kí gbogbo ọmọ tó bá ti tó ilé-ìwé lọ máa lọ, ìbáà ṣe ọmọ olówó tàbí ọmọ tálákà, ọkùnrin tàbí obìnrin.

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Owó orí tí ìjọba bù lé aráàlú nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera dá awuyewuye sílẹ̀ káàkiri. Nígbà tí ìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954 dé, ẹgbẹ́ NCNC ló na ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ n'Íwọ̀-Oòrùn tí wọ́n ti ń ṣèjọba. Ìjọba mìíràn ìbá ti pa irú àbá bẹ́ẹ̀ tì. Awólọ́wọ̀ àti Awókọ̀yà kò pa á tì. Ọjọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1955 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ 456,600 lọ́dún 1954 di 811,432 lọ́dún 1955. Olùkọ́ kò tó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà ni kò sì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rárá.

Ilẹ̀ Ìgbómìnà ni ọ̀rọ̀ náà ti dunni jù. Ìlà Ọ̀ràngún wà n'Íwọ̀-Oòrùn. Ìjàrà-Ìsin, Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ wà lábẹ́ Ìlọrin, ní Àríwá. Ẹ̀yà kan náà ni wọ́n, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Síbẹ̀, bí ọmọ Ìlà ti ń wọ ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, òbí tó wà n'Íjàrà ṣì ń wá owó ilé-ìwé kiri. Òfin Awókọ̀yà kò lè rékọjá ààlà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fà. Ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 1976 kí ìjọba ológun tó sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ jákèjádò Nàìjíríà. Ọmọ Ìjàrà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé lọ́dún 1955 ti tó bàbá ọmọ nígbà náà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ tí Awókọ̀yà àti ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fi pínyà. Ó ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó, ó sì bá àjọ UNESCO ṣiṣẹ́ ní òkè òkun. Ọdún 1985 ló kú, kò sì fojú rí òfin ọdún 2004 tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún òbí tí kò bá rán ọmọ rẹ̀ lọ sílé-ìwé.