Thomas Cranmer: Ọkàn tí ó Gbàgbọ́, Ẹnu tí ó Sẹ́

Gbogbo ẹni tí ó ti kúnlẹ̀ rí fún àdúrà òwúrọ̀ nínú ilé ìsìn ilé ẹ̀kọ́ wa yìí ni ó ti ka ọ̀rọ̀ Thomas Cranmer, bí púpọ̀ nínú wa kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí a kọ́ sórí láti kíláàsì kìíní, èyí tí a máa ń sáré kà kí agogo oúnjẹ tó lù, inú Ìwé Àdúrà tí ó ṣètò ní ọdún 1552 ni ó ti kọ́kọ́ jáde. Ẹni tí ó fi ìjẹ́wọ́ sí wa lẹ́nu yìí ni ẹnu tirẹ̀ wá sẹ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ gbàgbọ́. Nítorí èyí ni mo ṣe yan ìtàn rẹ̀ fún ìwé ayẹyẹ yìí.

A bí i ní ọjọ́ 2 oṣù Keje, ọdún 1489, ní abúlé Aslockton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kàwé ní Cambridge, ó di olùkọ́ níbẹ̀, ó sì di àlùfáà lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kìíní kú lórí ìkúnlẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rẹ́ ìwé. Kì í ṣe jagunjagun. Ọ̀ràn ìgbéyàwó Ọba Henry Kẹjọ ni ó fà á jáde kúrò nídìí ìwé, nítorí pé òun ni ó dámọ̀ràn pé kí ọba béèrè èrò àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì. Ní 1532, nígbà tí ó jẹ́ ikọ̀ ọba ní Jámánì, ó bá àwọn alátìlẹ́yìn Luther pàdé ní Nuremberg, ó sì fẹ́ Margarete níbẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1533, wọ́n fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury. Ẹ kíyè sí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ oyè rẹ̀ ni ó ti ní ohun kan lọ́kàn tí kò lè fi ẹnu sọ: ọba kò fẹ́ kí àlùfáà ní aya.

Ní 1547, ó kọ ìwàásù kan lórí ìgbàlà, kí a máa kà á nínú gbogbo ìjọ. Ó kọ́ni níbẹ̀ pé ìgbàgbọ́ nìkan ni a fi ń dá ènìyàn láre níwájú Ọlọ́run, pé kò sí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó lè ra ìdáláre náà. Ṣùgbọ́n ó tún kọ́ni pé ìgbàgbọ́ tí kò so èso kì í ṣe ìgbàgbọ́ tòótọ́, nítorí àwọn ẹ̀mí èṣù pàápàá gbà pé Ọlọ́run ń bẹ. Ní oṣù Kìíní ọdún yẹn kan náà, wọ́n pè é sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọba tí ó ń kú lọ. Henry kò lè fọhùn mọ́. Cranmer ní kí ó ṣe àmì kan pé ó gbẹ́kẹ̀ lé Kristi, ọba sì fún un lọ́wọ́ pinpin. Ọlọ́run nìkan ni ó mọ ohun tí ó wà nínú ọwọ́ yẹn. Fún Cranmer, ó tó.

Lábẹ́ Edward Kẹfà ni ó gbé Ìwé Àdúrà jáde ní 1549, tí ó sì tún un ṣe ní 1552. Èmi kò ní fi àbùkù rẹ̀ pamọ́: ó lọ́wọ́ nínú ẹjọ́ Joan Bocher, obìnrin tí wọ́n sun nínú iná ní 1550 nítorí ẹ̀kọ́ tí ó dì mú. Ẹni tí iná máa jó ti ṣe ìdájọ́ iná fún ẹlòmíràn.

Edward kú ní oṣù Keje ọdún 1553. Mary tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀ fẹ́ dá ìjọ padà sábẹ́ Póòpù, wọ́n sì ju Cranmer sí ẹ̀wọ̀n. Láti túbú rẹ̀ ní Oxford ni ó ti ń wo iná tí ó jó Latimer àti Ridley, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìgbàgbọ́, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1555. Lẹ́yìn èyí, ó ku òun nìkan. Wọ́n bá a jiyàn, wọ́n rọ̀ ọ́, wọ́n sì bọ́ aṣọ oyè lọ́rùn rẹ̀ ní gbangba. Nígbà tí ó yá, ó tọwọ́ bọ ìwé pé òun kọ ẹ̀kọ́ òun sílẹ̀. Ìwé náà di méjì, ó di mẹ́ta, ó di mẹ́fà, ìkẹyìn sì burú ju ti ìṣáájú lọ. Síbẹ̀, ọbabìnrin ní kí wọ́n sun ún.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 1556, wọ́n mú un lọ sí ilé ìjọsìn Màríà Mímọ́ ní Oxford, kí ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sẹ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Ó gbàdúrà, ó sì jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ni ó yà kúrò nínú ohun tí wọ́n ń retí. Ó ní ohun tí ó ń da ọkàn òun láàmú jù lọ ni àwọn ìwé tí òun fi ọwọ́ kọ nítorí ìbẹ̀rù ikú, tí wọ́n lòdì sí òtítọ́ tí ó wà lọ́kàn òun. Ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ náà ni iná yóò sì kọ́kọ́ jó. Wọ́n fà á wálẹ̀. Nígbà tí iná ràn, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sínú rẹ̀.

Àwọn kan sọ pé ìgboyà ẹni tí yóò kú dandan kò tó nǹkan. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè tí ó wúwo jù, tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ sì jiyàn lé lórí títí ní sẹ́mínárì, ni pé bí ikú bá ti pa á láàárín ìwé kẹfà àti ọjọ́ yẹn ńkọ́? Nínú orí kẹwàá Ìwé Róòmù, Pọ́ọ̀lù fi ẹnu ṣáájú ọkàn nínú ẹsẹ kẹsàn-án, ó sì fi ọkàn ṣáájú ẹnu nínú ẹsẹ kẹwàá. Mo gbà pé kò ṣèèṣì. Ẹnu kì í ra ìgbàlà. Bí ó bá ń rà á, kí ni odi yóò ṣe? Ṣùgbọ́n ọkàn tí ó gbàgbọ́ kì í rí ìsinmi nígbà tí ẹnu bá ń sẹ́. Àìnísinmi Cranmer ni mo kà sí ẹ̀rí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò kú. Pétérù pẹ̀lú sẹ́, ó sì sunkún. Olúwa sì ti gbàdúrà fún ìgbàgbọ́ rẹ̀ kí ó tó sẹ́.

Ìwé Àdúrà náà padà sí lílò ní 1559. Nígbà tí ìgbà tó, ó di èdè Yorùbá, Samuel Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà, ìjẹ́wọ́, ni a ń lò fún ti ẹ̀ṣẹ̀ àti ti ìgbàgbọ́. Bí Cranmer ti tò ó ni a ṣì ń ṣe é ní òwúrọ̀: a ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó dìde dúró jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́.