Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, Ẹni tí ó Dúró ti Àwọn Ará Rẹ̀

Ìtàn ẹni ńlá tí a mú wá fún yín ní ọdún yìí ni ti Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Kì í ṣe ọmọ ìlú wa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ìlọrin, àwọn baba wa sì gbà á ní àlejò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n nítorí Bíbélì èdè Yorùbá, àti nítorí pé òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó di bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà. Apá mìíràn ni a fẹ́ sọ: bí ó ti fẹ́ràn àwọn tí òun pẹ̀lú wọn jọ gba Kristi gbọ́, àti ohun tí ìfẹ́ náà ná an.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí i ní Òṣogùn. Ní ọdún 1821, ogun kó ìlú náà. Àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ àti àwọn Fúlàní wà nínú àwọn ọmọ ogun náà. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Pọtogí ti rà á sínú ọkọ̀ ẹrú. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni a ti ṣe ìrìbọmi fún Àjàyí ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1825. Asano, ọmọdébìnrin tí a gbà là bíi tirẹ̀, ni ó fi ṣe aya. Sàró ìgbà náà kún fún àwọn tí ogun ti já kúrò lára ẹbí wọn, tí èdè wọn kò sì dọ́gba. Ẹni tí kò ní bàbá àti ìyá nítòsí, ìjọ ni ó di ẹbí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kò kúrò lọ́kàn Crowther títí ó fi kú.

Ní ọdún 1843, a fi í jẹ oyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1846 ó dé Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ni ó sì ti tún fojú kan ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n. Ní ọdún 1848 a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, a sì sọ ọ́ ní Hannah. Ìyá tí ó bí i wá di arábìnrin rẹ̀ nínú ìgbàgbọ́.

Kì í ṣe gbogbo onígbàgbọ́ ni ó fẹ́ràn rẹ̀ bákan náà. Henry Townsend, míṣọ́nárì òyìnbó ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé takò ó pé kò yẹ kí a fi adúláwọ̀ jẹ bíṣọ́ọ̀bù lé òyìnbó lórí. Crowther kò dá ìjà sílẹ̀ nínú ìjọ nítorí èyí. Nígbà tí a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864, wọ́n yọ Abẹ́òkúta kúrò lábẹ́ rẹ̀, ó sì gba iṣẹ́ odò Ọya.

Iṣẹ́ náà le. Àwọn ọmọ Sàró ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n jìnnà sí ilé, owó oṣù wọn kò tó nǹkan. Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni bíṣọ́ọ̀bù sábà máa ń wọ̀ lọ bẹ̀ wọ́n wò. Ní Bonny, láàárín ọdún 1870 sí 1880, wọ́n ṣe inúnibíni sí àwọn tí wọ́n gbàgbọ́. Wọ́n pa Joshua Hart nítorí pé kò gbà láti jẹ ohun ìrúbọ. Ìjọ náà kò túká, Dandeson ọmọ bíṣọ́ọ̀bù sì wà lára àwọn tí wọ́n ṣe olùṣọ́ àgùntàn fún wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1872, bí ó ti ń gba orí ilẹ̀ bọ̀ láti Bídà sí Èkó, ó yà ní Ìlọrin. Ẹni tí ogun kó lẹ́rú ní kékeré jókòó ní ààfin Ẹ́míà pẹ̀lú àwọn àlùfáà Mùsùlùmí. Wọ́n bi í léèrè nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀. Kò bá wọn ṣe asọ̀, ọ̀rọ̀ inú Bíbélì èdè Yorùbá ni ó fi ń dá wọn lóhùn. Ẹni tí ó fẹ́ràn àwọn ará ilé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò ní láti kórìíra ará ilé kejì.

Ìdánwò tí ó tóbi jù lọ dé bá a lọ́jọ́ ogbó. Ní oṣù Kẹjọ 1890, ní Oníṣà, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nárì òyìnbó nínú ìgbìmọ̀ C.M.S. dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́, Dandeson pàápàá wà nínú wọn. Àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ odò Ọya ti hùwà ìtìjú nígbà kan rí, a kò lè fi èyí pamọ́. Ṣùgbọ́n a fi ẹ̀bi àwọn díẹ̀ ba orúkọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹ́. Arúgbó tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ìbá dákẹ́, kí ó sì pa ipò rẹ̀ mọ́. Kò dákẹ́. Ó takò wọ́n lójú ara wọn, ó sì fi ìjókòó rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ kí ó má baà fọwọ́ sí ìtìjú àwọn ará rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891 ni ó kú ní Èkó.

Ìdúró rẹ̀ kò já sí asán. Ní ọdún 1892, àwọn ìjọ ẹnu odò Ọya, lábẹ́ Dandeson, dá dúró lórí owó ara wọn. Ní ọdún 2014, tí ó pé àádọ́jọ ọdún tí a ti fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà wáyé ní Canterbury, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby sì tọrọ àforíjì fún ohun tí a ṣe sí i.

Ẹ̀yin ará, ó rọrùn láti pe ènìyàn ní arákùnrin lọ́jọ́ tí ọbẹ̀ dùn. Ọjọ́ tí a bá fẹ̀sùn kàn án ni a ń mọ ará. Bí ó bá ṣẹ̀, kí a bá a wí. Bí kò bá ṣẹ̀, kí a má ṣe jẹ́ kí ó nìkan dúró. Yálà ilé ìsìn tiwa ni ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí, ẹ jẹ́ kí a máa bẹ aláìsàn wò, kí a máa ran opó lọ́wọ́, kí a sì máa béèrè ọmọ wa tí ó wà ní ìdálẹ̀ kí ó tó di pé ìròyìn burúkú dé. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wa sí di àmọ́dún. Àṣẹ.